Èéhù ẹ̀wà nínú ilé: ẹ̀wà wo, ohun èlò wo, ọ̀nà wo ló bá yín mu?

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa èéhù ẹ̀wà, ìyẹn ẹ̀wà tí a rẹ sómi, tí a sì ń fi omi ṣàn títí ó fi hù fún jíjẹ, ni pé, "Ìgò ni kí n lò ni, àbí ajere?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tí ẹ fẹ́ fi èéhù náà ṣe ló ń sọ irú ẹ̀wà tí ẹ máa mú, ẹ̀wà náà ló sì ń sọ irú ohun èlò tí ẹ máa wá. Ẹni tó ń retí èéhù funfun gígùn tó sanra, tó wá da lentil, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pẹlẹbẹ kan, sínú ìgò, lè ṣàn án láàárọ̀, kó ṣàn án lálẹ́, títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Kò ní rí ohun tó ń wá. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀wà yẹn ni kì í hù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà tó ń gbérí àti ẹ̀wà tó ń jókòó

Tí a bá bó èèpo hóró ẹ̀wà kan, ó máa ń là sí méjì. Inú apá méjì yìí ni oúnjẹ tí èéhù máa kọ́kọ́ jẹ wà. Ibi tí apá méjì náà bá wà nígbà tí ẹ̀wà bá ń hù ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lára mung (ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé), sóyà àti ẹ̀wà olójú dúdú, ọ̀pá tó wà lábẹ́ apá méjì náà ló máa ń nà, á sì gbé wọn sókè bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹrù lérí. Ọ̀pá yẹn gan-an ni èéhù funfun gígùn tí à ń sọ. Ti lentil, chickpea, pea àti adzuki, tí àwọn náà jẹ́ oríṣi ẹ̀wà, kò rí bẹ́ẹ̀. Apá méjì tiwọn kì í kúrò lójú kan. Gbòǹgbò á yọ, ọ̀mùnú kékeré á tẹ̀ lé e, àmọ́ kò sí ọ̀pá funfun kankan tó máa nà lábẹ́ wọn. Hóró tó ní ìrù ni èéhù wọn, ìgbà tí ìrù náà kò tíì gùn ju hóró fúnra rẹ̀ lọ ló sì dùn jù. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ pé kó gùn sí i, gbòǹgbò líle ló máa bá níbẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, ìdajì iṣẹ́ yíyàn ti parí. Ṣé ọ̀pá gígùn tó ní omi nínú, tó ń ró kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín ni ẹ fẹ́, àbí hóró rírọ̀ tó ṣì ní ìtọ́wò ẹ̀wà tó sì ń yó ni?

Mung tàbí sóyà

Àwọn méjèèjì ló ń yọ ọ̀pá gígùn. Ìwà wọn ni kò jọra.

Hóró mung kéré, ó rí róbótó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tútù. Kó wà nínú omi fún wákàtí 8 sí 12 ti tó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìrù á ti yọ. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní kúkúrú, ẹ lè kó o lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní gígùn, ó ń lọ sí ọjọ́ 4 sí 6. Bí ẹ bá gbàgbé láti ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, kò ní torí ẹ̀ bàjẹ́. Ó sì máa ń pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá di èéhù gígùn lè tó ìlọ́po 5 ohun tí ẹ rẹ, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlọ́po yẹn tàn yín jẹ, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù èéhù mung tútù, nǹkan bí 90 ni omi. Prótéènì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3, fítámì C rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 13. Fítámì C yẹn ni èrè gidi, torí pé èyí tó wà nínú ẹ̀wà gbígbẹ kéré gan-an. Híhù ló ń bù kún un.

Sóyà kì í ṣe ẹgbẹ́ mung nínú ìtọ́jú. Ọ̀rá pọ̀ nínú hóró rẹ̀, hóró náà tóbi, ó sì máa ń sán nígbà tí wọ́n bá ń pa á tàbí tí wọ́n bá ń kó o káàkiri. Hóró tó bá ti sán kì í hù. Ńṣe ló máa ń jẹrà, ìjẹrà rẹ̀ á sì ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó rẹ sóyà, ẹ jókòó kí ẹ ṣà á dáadáa, kí ẹ yọ gbogbo èyí tó sán, tó là, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kúrò. Sóyà tó ti pẹ́ níbi tó móoru tó sì lọ́rinrin kò wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́, kódà bí ojú rẹ̀ bá ń dán, torí agbára àtihù rẹ̀ máa ń tètè lọ. Ìgbà 4 sí 6 lóòjọ́ ló yẹ kí ẹ máa ṣàn án, ọjọ́ 5 sí 7 ló sì máa ń gbà. Kí wá ló dé tí àwọn kan ṣì ń ṣe wàhálà yìí? Prótéènì rẹ̀ ju ti mung lọ dáadáa, orí rẹ̀ aláwọ̀ òféfèé a máa dùn lẹ́nu, ọ̀pá rẹ̀ kì í sì í tètè rọ̀ jọwọlọ nínú ìkòkò. Kò ṣe é jẹ ní tútù o. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti lo prótéènì, iná ló sì ń pa á.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mung ni kó mú, kó má tiẹ̀ janpata. Ẹni tí kò lè sún mọ́ omi ju ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lọ, kó fi sóyà sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀wà olójú dúdú wà láàárín àwọn méjì yìí. Mọ̀lẹ́bí mung ni, ọ̀pá rẹ̀ sì ń nà, àmọ́ èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń tètè mu omi. Ẹ má fi í sínú omi pẹ́ bíi ti mung. Wákàtí 6 sí 8 ti tó o. Ẹ sè é kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Lentil, chickpea àtàwọn hóró wẹ́wẹ́

Lentil ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ 2 sí 4, ìṣàn 2 tàbí 3 lóòjọ́, ó parí. Ohun kan ṣoṣo tó lè já yín kulẹ̀ ni pé kí ẹ ra èyí tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti là sí méjì, irú lentil pupa tó máa ń tètè jinná. Ìyẹn kò ní hù láéláé, torí wọ́n ti ba ibi tí èéhù ti ń yọ jẹ́. Odindi lentil tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Chickpea tóbi, ó máa ń wú tó ìlọ́po méjì nínú omi, nítorí náà ẹ wá ohun èlò tó fẹ̀. Nígbà ooru, òórùn rẹ̀ máa ń yí padà kí ti lentil tó yí. Ìgbà 3 lóòjọ́ ni kí ẹ máa ṣàn án.

Àwọn hóró wẹ́wẹ́, ìyẹn irúgbìn ewéko bíi alfalfa, broccoli àti radish, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Inú ajere ni wọ́n ti máa ń jò lọ, ìgò ló yẹ wọ́n. Tútù ni àwọn ènìyàn sì sábà máa ń jẹ wọ́n, ìyẹn sì léwu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. A máa dé orí ẹ̀.

Ẹ̀wà kidney, ẹ̀wà ńlá tó rí bíi kíndìnrín, ẹ má hù ú fún jíjẹ. Májèlé kan tó ń jẹ́ phytohaemagglutinin wà nínú rẹ̀, hóró tútù 4 tàbí 5 péré sì lè mú kí ènìyàn máa bì kó sì máa yàgbẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Híhù ń dín májèlé náà kù, kò lè mú un kúrò. Omi tó ń hó gidi ló ń pa á, kì í ṣe omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí mung àti lentil wà, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó máa fi kidney dán an wò.

Èyí tí wọ́n tà fún jíjẹ, èyí tí wọ́n tà fún gbígbìn

Irúgbìn tí wọ́n tà fún oko sábà máa ń ní oògùn lára, wọ́n sì máa ń pa á láró nígbà mìíràn, pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ewé tí kò jọ ti ẹ̀wà, kí ojú lè dá a mọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ. Fífọ̀ ọ́ kò lè sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ̀wà jíjẹ ni ẹ máa rà, ó sì tún ní tirẹ̀: tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá wọ́n fi oògùn kòkòrò sí i níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ má lò ó. Àwọn kan tún ń ta ẹ̀wà tí wọ́n dìídì ṣà fún híhù, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò bóyá kòkòrò àìfojúrí wà lára rẹ̀. Ó máa ń wọ́n ju ẹ̀wà lásán lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èéhù ní tútù, ibí yìí ni mo máa ní kó náwó sí dípò kó náwó sórí ẹ̀rọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ kọ́kọ́ rẹ ìwọ̀nba díẹ̀, bíi ṣíbí kan, kí ẹ wò bó ṣe ń hù kí ẹ tó kó púpọ̀ sómi.

| Ẹ̀wà | Wákàtí nínú omi | Ọjọ́ | Ìṣàn lóòjọ́ | Ohun èlò tó bá a mu |
|---|---|---|---|---|
| Mung kúkúrú | 8–12 | 2–3 | 2–3 | ajere tàbí ìgò |
| Mung gígùn | 8–12 | 4–6 | 3–4 | korobá oníhò |
| Sóyà | 8–12 | 5–7 | 4–6 | korobá oníhò |
| Lentil | 8–12 | 2–4 | 2–3 | ajere, ìgò, àpò |
| Chickpea | 12 | 2–4 | 3 | ajere tàbí àpò |
| Alfalfa | 4–6 | 5–6 | 2–3 | ìgò |

Níbi tí kò gbóná jù tí kò sì tutù jù ni mo ti ń sọ o, nǹkan bí 20 sí 25°C. Ibi tó bá tutù á fi ọjọ́ kún un. Ibi tó bá ju 30°C lọ á mú kó tètè jẹrà, ṣíṣàn á sì di dandan ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ.

Òkùnkùn tàbí ìmọ́lẹ̀, ẹrù tàbí òmìnira

Ewéko tó bá wà nínú òkùnkùn ń wá ìmọ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo agbára rẹ̀ ló ń fi gùn. Ọ̀pá rẹ̀ á funfun, ewé rẹ̀ á kéré, ara rẹ̀ á rọ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò dáwọ́ gígùn dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ ewé, mung á sì máa korò díẹ̀. Fún mung gígùn àti sóyà, òkùnkùn gbọ́dọ̀ jẹ́ òkùnkùn ní tòótọ́. Ṣíṣí ìdérí ní gbogbo ìgbà láti yọjú wò ó tó láti ba funfun rẹ̀ jẹ́. Lentil àti chickpea kò ka ìyẹn sí, torí ẹ máa kó wọn kí ewé tó yọ. Alfalfa àti broccoli ni tiwọn yàtọ̀: àwọn ènìyàn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé wọn síbi tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ewé wọn lè tutù yọ̀yọ̀. Kì í ṣe inú oòrùn gangan o, inú ìgò ni wọ́n wà, wọ́n á sè mọ́bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ èéhù tó sanra di ohun tó ṣeé ṣe. Ẹ wo mung tí wọ́n hù sínú ìgò lásán: ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín, ó lọ́, ó wọ́ mọ́ra wọn. Tí ẹ bá gbé ohun tó wúwo díẹ̀ lé ẹ̀wà tó ń hù, ọ̀pá á máa tì í, òun náà á sì máa ti ọ̀pá padà. Ewéko tó bá bá ìdènà pàdé báyìí máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ ethylene jáde, afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ọ̀pá dín gígùn kù kó sì sanra. Dmitry Neljubow, onímọ̀ ewéko ní Rọ́ṣíà, ló fi èyí hàn ní ọdún 1901. Èéhù pea tó ń hù nínú òkùnkùn yàrá ìwádìí ń kúrú, ó ń sanra, ó sì ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá rí i pé ethylene tó wà nínú gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná nígbà náà ló fà á. Títí di òní, àwọn tó ń hu èéhù ẹ̀wà fún títà lọ́pọ̀ yanturu a máa fẹ́ ethylene sí i.

Nínú ilé, ẹ kò nílò gáàsì kankan. Lẹ́yìn tí ìrù bá ti yọ, ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ bo ẹ̀wà náà, ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé aṣọ náà, ẹ gbé ike tó ní omi nínú lé àwo náà. Fún ẹ̀wà tó kún ìsàlẹ̀ korobá kékeré kan, ike omi kìlógíráàmù 1 sí 2 ti dára. Ẹ má ṣe máa gbé ẹrù náà kúrò láti ṣàn án. Ẹ da omi gba etí àwo kó gba inú ẹ̀wà kọjá sísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń dà wọ́n rú nígbà gbogbo, ọ̀pá á tẹ̀, á sì ṣẹ́. Lentil kò nílò ẹrù rárá. Kò ní ọ̀pá tí ẹrù máa mú sanra.

Ìgò, ajere, àpò, korobá, ẹ̀rọ

Gbogbo ohun èlò yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà: kí omi wọlé, kí omi jáde, kí afẹ́fẹ́ wà. Èyí tó bá ń dá omi dúró sísàlẹ̀ ló máa ba èéhù jẹ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti rọ́bà tí ẹ fi so ó lẹ́nu, ló gbajúmọ̀ jù. Ohun tó dára nípa rẹ̀ ni pé ojú yín ń tó ohun tó ń lọ nínú rẹ̀, fífọ̀ ọ́ rọrùn, ó sì ṣeé fi omi gbígbóná ṣàn. Àmọ́ ènìyàn sábà máa ń ro pé òun ti da omi rẹ̀ nù tán nígbà tí omi ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kó dagun díẹ̀ nínú àwo, kí ẹ̀wà má sì ṣe dí ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wà gbígbẹ ju ìdá mẹ́rin ìgò lọ. Tí ẹ bá hu mung gígùn sínú rẹ̀, ẹ múra sílẹ̀ láti fà á yọ ní òṣùṣù, ìdajì á ti ṣẹ́.

Ajere ló wù mí jù fún hóró tó tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Kò sí omi tó lè dúró nínú rẹ̀, ìyẹn nìkan ti yanjú wàhálà tó pọ̀ jù. Ẹ gbé e lé abọ́, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ fi ìdérí dé e, ó tán. Gbòǹgbò lè wọ inú ihò rẹ̀, àmọ́ lentil ọjọ́ méjì kò tíì ní gbòǹgbò tó máa yọ ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó ti ní ajere nílé kò nílò láti ra ohunkóhun.

Àpò aṣọ dára fún ibi tí àyè kò sí: ẹ rì í sínú omi, ẹ gbé e kọ́, omi á ro. Ó ń dá òkùnkùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, ó máa ń tètè gbẹ, ẹ̀wà tó wà létí á le. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa se àpò náà nínú omi tó ń hó lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sá a gbẹ táútáú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn tó máa wà lára rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ fẹ́ jẹ ohun tó tinú rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe èyí. Ìdí rèé tí mi ò fi sábà dá àpò lábàá.

Korobá tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí ni ti mung gígùn àti sóyà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ga, ó ṣókùnkùn, ó lè gba ẹrù. Ẹ rí i pé ike tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ ni, kí ẹ sì gbé e ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ìdí rẹ̀ má baà jókòó sínú omi tó ro. Ẹ̀wà tó bá wà papọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Omi tútù tí ẹ ń dà sí i ń fún un mu, ó sì ń gbé ooru yẹn lọ. Nítorí náà ẹ dà á dáadáa, kì í ṣe ìwọ̀n-ìwọ̀n.

Tíréè alájà mélòó kan tí wọ́n tò léra wúlò fún ẹni tó fẹ́ hu oríṣi mẹ́ta papọ̀. Omi tó ro láti ara ti òkè ló ń bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé ohun tó ń tètè bàjẹ́, bíi chickpea, sókè pátápátá.

Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná wọ́n omi fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Fún ẹni tí kì í sí nílé láti àárọ̀ di alẹ́, tó sì fẹ́ hu mung gígùn, ó yanjú ohun gidi kan. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ló ń yí omi kan náà po: omi tó ti gba ara ẹ̀wà kọjá ló tún ń padà wọ́n lé e lórí. Tí kòkòrò àìfojúrí bá wà lára hóró kan, ẹ̀rọ náà á pín in kárí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá èyí tí omi rẹ̀ ń jáde lọ láìpadà, tàbí kó máa pààrọ̀ omi náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ wò ó, ẹni tó ń pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ì bá kúkú fi àkókò yẹn ṣan lentil nínú ajere.

Tútù tàbí sísè

Ibí yìí ni mi ò ní fọwọ́ pa ẹnikẹ́ni lórí. Omi, ìlọ́wọ́ọ́wọ́ àti oúnjẹ tó wà nínú hóró, ohun mẹ́ta tí èéhù nílò yìí náà ni kòkòrò àìfojúrí bíi Salmonella àti E. coli nílò. Inú ihò kékeré tó wà lára èèpo hóró ni wọ́n máa ń sá pamọ́ sí láti oko, tí ẹ̀wà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ṣíṣàn kò lè kó wọn tán.

Ní Jàpáàn lọ́dún 1996, E. coli O157:H7 kọ lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú Sakai, èéhù radish sì ni ìfura bọ́ sí. Ní Jámánì lọ́dún 2011, E. coli O104:H4 mú ènìyàn tó lé ní 3,000, ó lé ní 50 tó kú. Kùkúḿbà láti Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, owó ńlá sì bá àwọn àgbẹ̀ lọ kí wọ́n tó wá mọ̀ pé èéhù ni. Ìwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ hóró fenugreek tí wọ́n kó wá láti Íjíbítì. Kò sí ẹni tó gbàgbé láti fọwọ́ níbẹ̀. Ara hóró ló ti wá.

Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ̀nà láti máa sọ pé "èyí tí mo hù fúnra mi kò lè ṣe mí ní nǹkan." Èéhù inú ilé máa ń tutù ju èyí tí wọ́n rà lọ, ẹ sì mọ ọwọ́ tó kàn án. Àmọ́ tí kòkòrò bá ti wà lára hóró, ilé yín ló ti máa pọ̀. Àwọn kan máa ń rẹ hóró sínú hydrogen peroxide 3%, omi apakòkòrò kan, tí wọ́n gbé kaná dé 60°C fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tó ṣàn án tí wọ́n sì rẹ ẹ́. Ó ń dín kòkòrò kù, kò lè pa á tán.

Nítorí náà: ọmọdé, arúgbó, aboyún, àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ di aláìlera, kí wọ́n má jẹ èéhù tútù rárá. Ohun tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, náà ń sọ nìyẹn. Àwọn tó kù lè yàn fúnra wọn. Tèmi ni pé kí ẹ sè é títí yóò fi gbóná dé inú. Mung tó fẹ́lẹ́ kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí iná, ó ṣì máa ń ró lẹ́nu. Lóòótọ́, iná ń jẹ lára fítámì C, àmọ́ kì í jẹ ẹ́ tán. Sóyà, chickpea àti ẹ̀wà olójú dúdú nílò iná púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n rọ̀ lẹ́nu kí wọ́n sì dẹ̀ nínú ikùn. Ẹni tí ẹ̀wà máa ń fẹ́ ní inú á rí i pé èéhù kì í dà á láàmú tó ẹ̀wà lásán, torí híhù máa ń jẹ díẹ̀ lára àwọn ṣúgà tó ń di gáàsì nínú ìfun.

Ó ń bu ni, àbí gbòǹgbò ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti da èéhù tó dára nù nítorí irun funfun tí wọ́n rí lára rẹ̀. Irun gbòǹgbò máa ń wà lára gbòǹgbò nìkan, yí i ká déédéé, ó sì máa ń hàn jù nígbà tí ẹ̀wà bá gbẹ díẹ̀. Tí ẹ bá da omi sí i, á lẹ̀ mọ́ra, á pòórá. Èyí tó ń bu kì í pòórá: ó máa ń bo hóró àti ọ̀pá papọ̀, ó ń so ọ̀kan mọ́ èkejì, àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ eérú tàbí dúdú, ó sì ń rùn. Tí èéhù bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí omi tó ń ro lára rẹ̀ sì ń kan tàbí ń rùn, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù, kì í ṣe apá kan. Òórùn tútù bíi ti ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já kì í ṣe àmì ìbàjẹ́.

Hóró tó le bí òkúta láàárín àwọn tó ti hù tún jẹ́ ohun mìíràn. Èèpo rẹ̀ ni kò gba omi wọlé. Kò léwu, àmọ́ ó lè kán eyín. Ìgbà tí ẹ bá rẹ ẹ̀wà tán ni ó rọrùn láti rí i, torí òun nìkan ni kò wú.

Nínú fíríìjì: gbígbẹ tàbí nínú omi

Ẹ da èéhù sínú abọ́ omi ńlá, ẹ fọwọ́ rọra rò ó; èèpo púpọ̀ á léfòó, ẹ kó o kúrò. Ẹ kò ní láti yọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí ẹ jẹ́ kí omi ro, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ gbá a gbẹ, kí ẹ fi aṣọ tàbí pépà sísàlẹ̀ ike kó lè máa fa ọ̀rinrin, kí ẹ gbé e sí fíríìjì tó tutù dé 5°C tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń lo ọjọ́ 3 sí 5. Èkejì ni kí ẹ rì í sínú omi tútù nínú ike kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Èyí ń jẹ́ kí mung gígùn wà gan-an-gan láìrọ, àmọ́ fítámì C rẹ̀ á máa bá omi lọ, ọjọ́ tí ẹ bá sì gbàgbé láti pààrọ̀ omi ló máa bàjẹ́. Lentil àti chickpea, gbígbẹ nìkan. Mung tí ẹ máa lò lọ́la, omi ni. Èyí tí ẹ máa lò ní ọjọ́ mẹ́rin sí i, ẹ gbá a gbẹ.